Ìgbín Kọjá, Ìkarahun Kù Sábẹ́ Afárá

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ìgbín là ń sọ. Ìgbín kò yá ìkarahun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò fi owó ìdógò sílẹ̀, kò buwọ́ lu ìwé àdéhùn tí kò kà. Láti kékeré ló ti ń gbé e kiri. Ihò tí kò bá gba ìkarahun rẹ̀, kò ní ki orí bọ̀ ọ́. Ọmọ aráyé òde òní ló ń lọ yá ìkarahun lọ́sàn-án Jímọ̀, tó sì rò pé yóò máa tẹ̀ lé òun bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà ni.

Ọkọ̀ onílé ni mò ń wí, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní RV: ibùsùn nínú, ilé ìdáná nínú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé Yorùbá kan ní Maryland, tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó gbé kọrí sí Atlanta. Wọn ò wọ bàálù mọ́. Kúlà ìrẹsì, àpótí gèlè, ìyá àgbà, gbogbo wọn á wọ ilé tó ń rìn. Ẹni tó ni ọkọ̀ fẹ́ ṣàlàyé, Dádì ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tó ti wa dáńfó ní Òṣòdì, kí ló tún kù tó fẹ́ kọ́? Òfin gan-an wá bá a tan ara rẹ̀ jẹ, torí ìwé àṣẹ tó fi ń wa Corolla náà ló tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onílé tí wọ́n ń fi yáni níbẹ̀.

Ọ̀nà Atlanta yẹn gba ìlú Durham kọjá, ní North Carolina. Afárá ọkọ̀ ojú irin kan wà níbẹ̀, ní òpópónà Gregson, tó ti sọ ara rẹ̀ di olókìkí. Ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íńṣì 8 ni ààyè abẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jürgen Henn, tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí, gbé kámẹ́rà kọjú sí i ní 2008, láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń wo bí òrùlé ọkọ̀ ṣe ń ká kúrò lórí ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọkọ̀ àyálò ni. Pátákó ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ o! Ní 2016, wọ́n tún fi ẹ̀rọ tó ń dá ọkọ̀ gíga mọ̀ síbẹ̀: bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, iná á pọ́n, pátákó á tàn yòò pé kó yà. Awakọ̀ á dúró bí ọmọlúàbí, á wo pátákó náà dáadáa, á dúró títí iná yóò fi dá a sílẹ̀, á wá tẹná wọ abẹ́ afárá. Ní 2019, wọ́n rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n gbé afárá fúnra rẹ̀ sókè, ó di ẹsẹ̀ bàtà 12 àti íńṣì 4. Ọkọ̀ ṣì ń forí gbá a.

Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ onílé tó ru ẹ̀rọ amúlétutù sórí lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bébà kékeré tí èèyàn kọ gíga ọkọ̀ sí, tó lẹ̀ mọ́ iwájú ara rẹ̀, kò ná an ní kọ́bọ̀. Dádì kò kọ ọ́. Fóònù ló ń júwe ọ̀nà fún un, fóònù kò sì bi í bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ga tó.

Ká ní New York ni wọ́n ń lọ ńkọ́? Baltimore ni wọn yóò gbà, níbi tí ọ̀nà abẹ́ omi méjì wà tí wọn kò gbà kí sílíńdà gáàsì tó ju pọ́ùn 10 lọ wọ̀. Afárá Francis Scott Key ni ọ̀pọ̀ tó ru gáàsì ń gbà tẹ́lẹ̀, kí ọkọ̀ òkun tó wó o ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta 2024. Ní báyìí, apá ìwọ̀ oòrùn ọ̀nà 695 ni kí wọ́n gbà yí ìlú ká. Dádì rí pátákó tó sọ bẹ́ẹ̀, ó ní àwọn onítáńkà ni wọ́n ń bá wí. Ó gbàgbé sílíńdà tí Mọ́mì fi ń se omi ẹ̀bà lẹ́yìn.

Ìdí ọkọ̀ ni ẹjọ́ pọ̀ sí jù. Ó yọ gbọọrọ sẹ́yìn kọjá táyà, nítorí náà bí o bá yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, òsì ni ìdí rẹ̀ ń jù sí. Ní ilé epo, ẹni tó bá tètè yí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ epo yóò fi ìdí gbá a. Tààrà ni kó kọ́kọ́ lọ títí ẹ̀yìn yóò fi kọjá. Ní ti ríbáàsì, ẹnìkan ní láti sọ̀ kalẹ̀ dúró níbi tí dígí ti lè rí i.

“Dádì, ẹ dúró o, òpó wà lẹ́yìn!”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ríbáàsì ni?”

Gbà! Òpó ló dáhùn.

N kò ní pẹ́ lórí àtẹ̀gùn tí wọn kò ká, wáyà iná tí wọn kò yọ, àti aṣọ ibòji ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n nà sílẹ̀ sùn, tí atẹ́gùn òru fà ya. Ti fọ́tò ló pa mí lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹpẹtẹ, tàwọn ti aṣọ ẹbí, eyín funfun báláú. Kò sí ẹyọ kan tó fi ibi tó ti họ tẹ́lẹ̀ hàn, nítorí náà nígbà tí wọ́n dá a padà, gbogbo híhọ di tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtiyá irú ọkọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ibi tí ìwé àdéhùn ti sọ̀rọ̀ òrùlé kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, òrùlé kò sí nínú ohun tí ìnṣọ́ránsì ń san. Àpò ẹni tó yá a ni yóò ti jáde.