Yìnyín Yíyan ní Ìwéré-Ilé

Àwọn àgbà ní ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Àwọn tó ń yan bísíkíìtì Kérésì nílé lóde òní ti yí i padà: ohun tí a kò ní là ń náání, bí a tilẹ̀ máa jẹ gbèsè lé e lórí.

Ẹ bá mi ká lọ sí Ìwéré-Ilé, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà, lọ́hùn-ún tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń sún mọ́ ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin. Oṣù kejìlá rèé. Ọyẹ́ ti mú, ètè ń sán, eruku pupa bo ewé. Àgbàdo wà láká, iṣu wà lábà, àwọn obìnrin ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìn ilé. Nínú ọ̀pọ̀ yìí ni ọmọ ìlú tó ti Ìbàdàn wálé ṣọdún ti yọ fóònù, tó ní bísíkíìtì oníṣúgà bíi ti Amẹ́ríkà lòun máa ṣe. Wọ́n rán ọmọ lọ ra fúláwà, ṣúgà, bọ́tà àti fàńílà. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú wíìtì tí à ń lọ̀ sí fúláwà ti ń wá. Ìjọba Babangida fòfin dè é ní 1987, kò pẹ́ kò jìnnà wọ́n tún ṣílẹ̀kùn fún un. Láti ìgbà tí náírà sì ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, ẹni tó bá gbé odidi àpò fúláwà wọlé, ó yẹ kí aládùúgbò wá kí i kú oríire.

Fóònù ní kí wọ́n gbé fúláwà pípò náà sínú firíìjì. Firíìjì wà, iná ni kò sí. Wọ́n gbé e ti ìdí àmù. Fóònù ní kí oven gbóná. Oven kò sí. Wọ́n da yanrìn sínú ìkòkò ńlá, wọ́n gbé e ka èédú, wọ́n dé e, wọ́n tún kó ẹyin iná lé ìdérí kí òkè rẹ̀ lè pọ́n. (Ọgbọ́n gidi nìyẹn, ẹni tó dá a kò wo fóònù ẹnikẹ́ni.) Agolo mílíìkì ni wọ́n fi gé àwọn roboto, wọ́n wá fi ọ̀bẹ ya èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà.

Ìyá àgbà ilé náà bèèrè pé, "Kí leléyìí tó ṣe bí aláǹtakùn?"

"Yìnyín ni, Ìyá Àgbà. Èyí tó máa ń bọ́ nílùú òyìnbó tí Kérésì bá dé."

"Yìnyín lẹ wá ń yan lórí iná?"

Wọn ò rí èsì fọ̀. Ìyá padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Àwọn tó ni bísíkíìtì yìí gan-an, òwe wa ni wọ́n tẹ̀ lé láìgbọ́ Yorùbá. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ẹlẹ́sìn Moravian láti Jámánì, tó tẹ Nazareth dó ní Pennsylvania ní 1740, ló kọ́kọ́ ń yan irú rẹ̀. Wíìtì wà lóko wọn, màlúù wà lọ́gbà wọn, òjò dídì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣúgà ni wọ́n rà. Ká ní Ìwéré-Ilé ni wọ́n sọ̀ sí, ààdùn àti róbó ni wọn ì bá máa fi ṣe Kérésì, wọn ì bá sì gé e ní àwòrán ewé ẹ̀gẹ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ìkòkò sílẹ̀, ká wo abẹ́ rẹ̀. Èédú tó ń jó yẹn, igi èmí wà nínú rẹ̀. Òkè-Ògùn, agbègbè tí Ìwéré-Ilé wà, ti di ilé èédú. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kó o lọ sáwọn ìlú ńlá, òmíràn ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Èmí a máa tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó so dáadáa, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kì í fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lára èso rẹ̀ la ti ń rí òrí tí ìyá wa fi ra wá lára. Àwọn ará Yúróòpù ń fi òrí yìí sí ṣokoléètì, òfin wọn ti ọdún 2000 sì gba irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ láàyè títí dé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kẹjọ 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fòfin de kíkó èso èmí tí a kò tíì sọ di òrí jáde fún oṣù mẹ́fà, kí èrè rẹ̀ lè kù sílé. Àwa náà rèé: a gé igi tó ń fún wa ní òrí, a sun ún di èédú, ká lè fi yan bọ́tà inú agolo tí a fowó rà. Ọmọ aṣẹ́gità àtijọ́ ń náání èèpo. Ti òde òní ta èèpo, ó ta igi, ó ta gbòǹgbò, ó fi owó rẹ̀ ra ṣúgà.

Bísíkíìtì náà dùn, mi ò ní tàn yín. Ohun tí wọ́n bá da ṣúgà tó báyẹn sí, kò ní ṣe kó má dùn. Wọ́n bu tiẹ̀ mọ́ ìrẹsì fún àwọn aládùúgbò Mùsùlùmí, bí àwọn náà ti ń bu ẹran fún wọn nígbà Iléyá.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ nílé lọ́dún yìí, ẹ yan tiyín bó bá wù yín, àwọn ọmọdé á jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi eléèédú pé igi wo ni. Bó bá ní èmí ni, ẹ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ sì ra ààdùn lọ́wọ́ ìyá tó ń kiri rẹ̀ lójú títì, kí òun náà lè rówó ṣọdún.