Ìlù Tí Èmi Nìkan Gbọ́

Igba náírà kan wà nínú Bíbélì mi tí n kò tíì lè ná. Sátidé tó kọjá ni màmá àgbàlagbà kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí níbi ìgbéyàwó kan ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á ní ìlù mi ló dùn mọ́ ọn nínú. Ẹ ní sùúrù.

Ìkòròdú ni mò ń gbé, ó ti pẹ́ tí mo ti ń lu ìlù jáàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlù onígi ni mo mọ̀: bẹ́ẹ̀sì gbàǹgbà nílẹ̀, àwo idẹ lókè, irin tó gbé gbogbo wọn dúró. Ẹ gbé e lọ òde lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn yín á ròyìn. Tí kọ́rọ́pẹ̀ bá gbé ìlù tán, kò sáyè fún onílù mọ́. Nígbà tí wọ́n wá pè mí sí òde Ẹ̀pẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yá ìlù oníná òun. Ó ká a pọ̀ bí ẹni ká ẹní, ó sọ ọ́ sí búùtù. Bí a ṣe ń kọjá ọ̀nà Ìmọ̀ta, tí a gun afárá Ìtòìkín, orin ni mò ń kọ lẹ́nu. Mo ti ń ṣàánú àwọn tó ṣì ń ru igi kiri.

Kì í kúkú ṣe pé ìlù oníná kò wúlò. Ariwo ló ń lé àwọn èèyàn sídìí rẹ̀. Ìlù onígi lè kọjá 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì létí ẹni tó ń lù ú, LASEPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká, sì ti ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé ìgbafẹ́ pa l'Ékòó nítorí ariwo. Pẹ̀lú ìlù oníná, ẹ lè fi hẹ́dífóònù sétí láago méjì òru kí ẹ máa lù ú, ọmọ ọwọ́ tó wà ní yàrá kejì kò ní jí. Àfi tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ń gbé. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń tẹ bẹ́ẹ̀sì á máa dún gbì-gbì lórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Àmọ́ ìlù fúnra rẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbọ́ ọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún èmi. Rọ́bà ni ohun tí ẹ ń lù yẹn, tàbí àwọ̀n tí wọ́n nà bí awọ. Ohun pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀, bí kọ́bọ̀, tí wọ́n ń pè ní piezo. Tí kọ̀ǹgọ́ bá ti bà á, á gbọ̀n, á sì tú iná bíńtín jáde. Iná yẹn á gba inú wáyà lọ bá àpótí kékeré kan. Àpótí á wò ó bóyá ẹ lù ú jẹ́jẹ́ ni àbí tìbínú-tìbínú, á ṣa ohùn ìlù kan nínú èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sínú rẹ̀, á wá fi ránṣẹ́ síta. Ká sòótọ́, àpótí yẹn gan-an ni onílù; ẹ̀yin kàn ń kanlẹ̀kùn fún un ni. Ihò wà lẹ́yìn rẹ̀: ti hẹ́dífóònù, èyí tí ohùn ń gbà jáde lọ sí sípíkà, àti èyí tí ohùn ń gbà wọlé, fún ẹni tó bá fẹ́ fi orin inú fóònù sí i kó máa lù tẹ̀lé e. Nínú èyí tí mo yá, ihò àbájáde àti ihò àbáwọlé jọra bí ìbejì. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn kò tó ẹsẹ̀ èèrà.

Ẹ ti mọ ibi tí mo ki wáyà sípíkà bọ̀.

Tọkọtaya dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Alága ìdúró gbé máíkì, ó ní, "Onílù wa láti Ìkòròdú, ẹ bá wa mú wọn wọlé!" Mo gbé hẹ́dífóònù wọ̀, mo dijú. Mo ní kí n fi ọwọ́ Tony Allen bẹ̀rẹ̀, ọmọ Èkó tó bá Fela lù láti 1964 títí dé òpin àwọn ọdún 1970. Hi-hat ni àwo idẹ méjì tó ń pẹnu pọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì. Bí ọ̀gá yẹn bá jókòó tì í, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀. Èmi náà mú un sọ̀rọ̀. Létí mi, àrá ń sán. Nínú gbọ̀ngàn, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pẹ̀tẹ́, pẹ̀tẹ́, pẹ̀tẹ́, bí ẹni ń gé ilá lórí pákó.

Mo la ojú kan. Onídùrù ń mi orí sí mi. Mo ní, áà, ó ti wọ̀ ọ́ lára. Ìyàwó dúró gbọnin lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn. Mo ní ẹnu yà á ni. Àwọn ìyá tó wọ gèlè kan náà ń nàka sí mi, wọ́n ń bi ara wọn léèrè. Mo ní orúkọ mi ni wọ́n ń bèèrè. Mo túbọ̀ fi agbára kún un. Òógùn bo ojú mi.

Ìgbà náà ni mo rí màmá tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, owó lọ́wọ́. Kí ni onílù tún ń wá? Bí ó ṣe ń sún mọ́ mi ni mo ń fi kọ̀ǹgọ́ kí i, tí mo ń lu gbogbo ohun tó wà níwájú mi. Màmá lẹ owó mọ́ mi níwájú orí, ó rọra ṣí etí hẹ́dífóònù kan, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ìlù ẹ ò dún o."

Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà."

Mo tún lù ú díẹ̀ sí i kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lágbárí.

Ẹnjiníà tó wà nídìí ohùn ńkọ́? Ẹja ló ń jẹ. Ẹja Ẹ̀pẹ́ dùn, n kò jiyàn. Ó ní òun rò pé mò ń dánra wò ni. Níbi yìí, n kò ṣàwàdà mọ́. Ta ní ń dánra wò nígbà tí ìyàwó ń wọlé? Wọ́n á yẹ wáyà onídùrù wò lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ní kí akọrin sọ̀rọ̀ sí máíkì kí wọ́n gbọ́; onílù ni wọ́n máa ń sọ fún pé, "Ẹ ṣáà ti jókòó." Tó bá sì di ọ̀rọ̀ owó, akọrin á gba tirẹ̀, onídùrù á gba tirẹ̀, Ọlọ́run ni wọ́n máa ní kó san ti onílù. Awakọ̀ kọ́rọ́pẹ̀ kì í gba àdúrà.

Ẹnjiníà fi ọwọ́ tó kún fún ọbẹ̀ yọ wáyà, ó kì í bọ ihò tó yẹ. Kò rántí pé òun ti gbé ohùn sípíkà dé góńgó nígbà tó ń wá ohùn ìlù mi kiri. Èmi náà kò mọ̀ pé mo ti fi ìgbọ̀nwọ́ yí àpótí kúrò lórí ohùn ìlù sórí ohùn àtẹ́wọ́. Pásítọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Gbogbo ilé dákẹ́. Mo rọra gbé kọ̀ǹgọ́ lé orí rọ́bà. Ọ̀kan yí, ó já lu èyí tó wà nísàlẹ̀.

PÁÀ! Bí ìgbà tí ọgọ́rùn-ún èèyàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Pásítọ̀ la ojú. Ó ní, "Àmín." Gbogbo ilé ní, "Àmín." Àdúrà parí síbẹ̀.

Bàbá onígángan kan ló gba òde lọ́wọ́ mi. Àwa onílù jáàsì máa ń fọ́nnu pé ìlù gidi ni tiwa, bẹ́ẹ̀ ike ló wà lójú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1950. Ti bàbá, igi ọmọ̀ àti awọ ewúrẹ́ ni. Ọ̀sán awọ tó ń fún mọ́ra ló fi ń gbé ohùn sókè sódò. Kò ní ihò kankan. Ó kọjú sí mi, ó fi ìlù sọ gbólóhùn kan, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. N kò ní túmọ̀ rẹ̀ níbí.

Tí ẹ bá bi mí èwo ni kí ẹ rà, ìlù oníná dára fún ilé, fún òru, àti fún ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ ní nọ́ńbà fóònù LASEPA. Tó bá di òde, ẹ ru igi yín. Bó bá dún, bí kò bá dún, ohun tí ẹ̀yin gbọ́ náà ni ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà máa gbọ́. Tó bá sì di dandan kó jẹ́ oníná, ihò tí wọ́n kọ L/MONO sí ni kí ẹ ki wáyà bọ̀, kí ẹ fi etí kan sílẹ̀ láìbò. Ẹ tẹ bẹ́ẹ̀sì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ bi ẹni tó jìnnà jù nínú gbọ̀ngàn bóyá ó gbọ́. Tó bá ní òun ò gbọ́, ẹ gbà á gbọ́.