Ọ̀jọ̀gbọ́n Pásítà

Wọ́n ní kò sí agboolé kan ní Èkìtì tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti wà láàárín wa báyìí tí yunifásítì kankan kò fi jẹ oyè. Ẹ má wá a lọ sí EKSU tàbí ABUAD. Àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké tó ń yọjú káàkiri Adó, láti Fájuyì títí dé Adébáyọ̀, ni ẹ ó ti bá a. Tábìlì ibẹ̀ kì í pọ̀, iná wọn kì í mọ́lẹ̀ jù, orin jẹ́jẹ́ ní í máa dún, pízà àti pásítà ni wọ́n sì ń tà fún àwọn olólùfẹ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó oṣù.

Kí wọ́n tó gbé omi dé, ó ti béèrè ẹni tó kọ́ alásè wọn níṣẹ́. Á gbé fọ́ọ̀kì sókè wo ìdọ̀tí tí kò sí lára rẹ̀. Á gbóòórùn wáìnì títí, á mirí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ á bẹ̀rẹ̀: “Ìwọ ọmọ yìí, wọn kì í da kírìmù sí pásítà carbonara ní Ítálì lọ́hùn-ún.”

Òótọ́ ló sọ o. Ní Róòmù, ẹyin, wàràkàṣì tí wọ́n fi wàrà àgùntàn ṣe, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ àti ata dúdú ni wọ́n fi ń sè é. Ó kù kó sọ fún wa ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ní Ọjà Ọba. Kò sì ní sọ pé carbonara tó sọ di nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé yìí, orúkọ rẹ̀ kò tí ì pé ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ìwé, tàbí pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tòmátì ti dé Ítálì. Kò mọ̀ ọ́n ni. Ohun tó mọ̀ ni pé UNESCO bu iyì fún pízà Naples ní 2017, kì í sì í jẹ́ ká sinmi lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń po ìyẹ̀fun, tí wọ́n ń dúró ti iná, ni wọ́n bu iyì fún lọ́jọ́ náà. Wọn ò dárúkọ oníbàárà kankan.

Gbogbo èyí, ẹ̀rín ni n bá fi rín. Ìdajì àwo ló ń bí mi nínú.

Ẹ wo bó ṣe ń jẹun. Ó gbé fọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó mirí. Ó gbé ìkejì, ó pa ojú dé, ó tún mirí. Orí ń mì, ọwọ́ kò dúró. Edé ló kọ́kọ́ ń ṣà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn edé, ẹran adìyẹ. Lẹ́yìn adìyẹ, á fi búrẹ́dì nu ọbẹ̀ tó wà létí àwo. Nígbà tó bá wá ku kìkì ìyẹ̀fun gbọọrọgbọọrọ láàárín, fọ́ọ̀kì á dún ko lórí tábìlì. “Pe ọ̀gá rẹ wá. Eléyìí kò ṣe é jẹ.”

Kò ṣe é jẹ, ìdajì rẹ̀ sì ti wà nínú ikùn! Bó bá dá a padà lẹ́yìn òkèlè kan, n ó ní ó ń ṣa oúnjẹ jẹ. Bó bá jẹ ẹ́ tán tó wá ń ráhùn, n ó ní aláìmoore ni. Ìdajì, ìṣirò ni: ó tó láti pa ebi, ó sì ṣẹ́ kù tó láti ṣe ẹ̀rí. Wọn á gbé òmíràn wá fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn, á jẹ ẹ́ tán.

“Kì í ṣe nítorí owó o,” á gbọ́wọ́ lé àyà. “Nítorí kí wọ́n lè tẹ̀síwájú ni. Ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ nìyí, a ò gbọdọ̀ gba gbàrọgùdù láyè.” Mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti yọ owó àwo kejì lára owó oṣù ọmọbìnrin tó gbé e wá, ọmọ tó ń pè é ní “Dádì, sà” láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Olè ni, ẹ jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá bá ẹni yìí kan náà dé bùkà oníyán. Iyán ni wọ́n fi tọ́ ọ. Kò sí ohun tó mọ̀ tó iyán láyé. Bí iyán bá ní kókó, á gbé e mì. Bí ẹ̀gúsí bá ṣómi, á ní, “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ìdí ni pé Màmá á gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn, á sì béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Ibi tó ti mọ̀ ọ́n gan-an, ẹnu rẹ̀ á wọlé. Ibi tí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ kò ti lè fèsì ló ti ń di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọwọ́ ẹ̀yin onílé oúnjẹ náà kò mọ́. Ẹ jáwọ́ nínú yíyọ owó ọmọ tó gbé àwo. Ẹ gbowó lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kí ẹ tó fún un ní fọ́ọ̀kì.