Èló Ni Jálẹ̀?

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bàbá tirẹ̀ tí kì í gba ìròyìn ogun gbọ́. Ní Ìkìrun, ìdí tábìlì oníwèé ìròyìn lẹ máa ti bá a. Á ka gbogbo àkọlé tán láìra ẹyọ kan. Ní Òkukù, ìdí ẹmu ni. Èyí tí mo mọ̀ dáadáa ni ti Ìnísà. Abẹ́ àtíbàbà fọkanáísà ni tiẹ̀, lórí ògbólógbòó táyà tírélà tó ti di àga rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó fi rọ́bà de ẹ̀yìn rédíò rẹ̀ kí bátìrì má baà já bọ́, kò sì sí ọ̀gágun láyé yìí tó lè sọ̀rọ̀ kó gbà á gbọ́. Bàbá Èló-ni-jálẹ̀ ni mo ń pè é tí kò bá sí nítòsí, nítorí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń ná iṣu lọ́jà lòun náà ṣe ń ná òkú ogun.

Lóṣù Kẹsàn-án 2022, Shoigu tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò Rọ́ṣíà nígbà náà bọ́ síta, ó ní ọmọ ogun àwọn tó ti kú sí Ukraine jẹ́ 5,937. Ní ti Ukraine, iye tí wọ́n láwọn ti pa nínú ọmọ ogun Rọ́ṣíà títí di ọjọ́ náà ti lé ní 54,000. Bàbá gbọ́ méjèèjì, ó dín ohùn rédíò kù.

"7 tó wà nídìí yẹn ló tú u fó. Oníṣu tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ kì í pe iye tó gún. Á pe èyí tó rí ségesège, kó o lè rò pé ó jókòó ṣírò rẹ̀ ni."

"Ti àwọn Ukraine ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹ gé ìyẹn sí méjì ná, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an."

"Èló wá ni jálẹ̀?"

"20,000. Kò gba kọ́bọ̀ lé e."

Ó ní àlàyé fún un o. Ó ní kò sí ológun tí kò ní ìwọ̀n méjì nílé. Tó bá jẹ́ òkú tirẹ̀ ló fẹ́ tà fún ọ, agolo mílíkì ni, á sì fi ọwọ́ nu orí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá wá di òkú ọ̀tá, kóńgò ni, á rọ ọ́ gègèrè, á tún fi èènì sí i.

Ẹ má sì sọ pé ó ya aláìgbàgbọ́. Ó ti rajà rí, ó sì jẹ gbèsè. Lọ́dún 2003, Colin Powell tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà gbé ìgò kékeré kan sókè níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nítorí nǹkan ìjà olóró tí wọ́n ní Saddam kó pamọ́. Bàbá gbà á gbọ́, àmọ́ wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Lọ́dún yẹn kan náà, ó tún rajà lọ́wọ́ Sahhaf, mínísítà ìròyìn Ìráákì, ẹni tó ń búra pé kò sí ọmọ ogun Amẹ́ríkà kankan ní Baghdad. Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin, Baghdad bọ́. Ká má tiẹ̀ wá lọ jìnnà: lọ́dún 2009, 2013, 2014 àti 2016, wọ́n sọ fún wa nílé níbí pé Shekau, olórí Boko Haram, ti kú, tàbí pé ó dà bí ẹni tó ti kú. Nígbà tó wá kú ní 2021, ìjà òun àti àwọn ISWAP ló pa á. Tẹ́ ẹ bá sì dárúkọ ECOMOG, Bàbá á rántí pé Ọbásanjọ́ ní 1999 sọ pé Nàìjíríà ti ná bílíọ̀nù 8 dọ́là sórí ogun Làìbéríà àti Sàró. "Wọ́n ráyè ka owó," ó ní. "Òkú ńkọ́?"

Lórí ìyẹn, mi ò ní ẹnu láti bá a jiyàn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ohun tó ń ṣe tó bá ti ná an tán. Tí òun àti ara rẹ̀ bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí 20,000 yẹn, á pa rédíò, á ní kí wọ́n lọ ra gúgúrú àti ẹ̀pà wá.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i tó san iye tí wọ́n pè. Ọmọ iṣẹ́ fọkanáísà ló bi í léèrè ogun Jálumi, ti 1878, nígbà tí Ìbàdàn wá gba Ìkìrun sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Bàbá dìde lórí táyà. Ó ní bí wọ́n ṣe lé Ìlọrin dé etí odò Ọ̀tìn ni wọ́n ń já lu omi, òkú kún odò títí omi ò fi lè ṣàn mọ́, àwọn tó kù ń tẹ orí òkú kọjá bí afárá.

"Ta ló kà wọ́n, Bàbá?"

"Bàbá bàbá mi fojú rí i!"

Ọmọ náà ń nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún gíríìsì. Ìnísà la bí i sí, ó sì ti wọ́ Ọ̀tìn kọjá rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìká ṣòkòtò ju orúnkún lọ.

"Èló ni jálẹ̀, sà?"

Bàbá fa eriali rédíò rẹ̀ wọlé, ó kó o sábẹ́ abíyá.

"Jálẹ̀ kẹ̀? Ṣé iṣu lo rò pé à ń ná ni?"