Àfojúbà Kò Tó Ìròyìn Mọ́

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Láyé wọn, bí eégún ńlá bá jáde, ẹni tí kò sí lójú agbo kì í la ẹnu níwájú ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ríran ló ni ọ̀rọ̀. Àgbọ́sọ ni ti ẹni yòókù. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn nítorí ọdún kan ṣoṣo: kí ojú òun lè tó o.

Ayé ti dorí òwe náà kodò. Owó gọbọi là ń san báyìí láti rí àfojúbà, kí a lè sọ ọ́ di ìròyìn kí a tó délé.

Ẹ bá mi wo ìdílé Yorùbá kan láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n kó ọmọ lọ sí Leavesden, lẹ́bàá ìlú Watford, ibùdó tí wọ́n ti ya fíìmù Harry Potter mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Láti ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ fíìmù Warner Bros. ti ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún èrò ìwòran. Owó ìwọlé àgbàlagbà kan lé ní 50 pọ́n, tíkẹ́ẹ̀tì sì ti gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò nílé.

Ohun tó wà níbẹ̀ tó ìran. Ilé ẹ̀kọ́ Hogwarts tó ga fíofío nínú fíìmù, àwòṣe ni. Ìdá kan nínú 24 ni wọ́n ṣe é. Gbọ̀ngàn ìjẹun kò ní òrùlé, kọ̀ǹpútà ló fi ojú ọ̀run bò ó. Ìwé awo tó kún yàrá Dumbledore, olórí ilé ẹ̀kọ́ náà, ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù ni púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n fi awọ dì. Àwọn onífíìmù kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n ní ẹ wá sẹ́yìn ògiri, ẹ wo pákó, ẹ wo ọ̀dà.

Ta ló ń wò ó? Bàbá ti kẹ̀yìn sí ìran, ó na fóònù sókè. Ìyá ń to àwọn ọmọ: "Ẹ rẹ́rìn-ín! Ìwọ, yọ ọwọ́ nímú!" Èyí tó kéré jù bi í pé, "Mọ́mì, báwo ni wọ́n ṣe ń mú ìgbálẹ̀ fò?" "Dúró ná, jẹ́ kí n fi èyí ránṣẹ́ sí Àǹtí yín." Ìbéèrè ọmọ kú síbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán lórí ìgbálẹ̀, bí àwọn àjẹ́ inú fíìmù náà ṣe ń fò, ni wọ́n pẹ́ sí jù. Ní alẹ́ Jímọ̀, bàbá yìí de gbogbo àjẹ́ ilé bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi ìṣọ́ òru. Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, ó sanwó kí ọmọ rẹ̀ lè gun ìgbálẹ̀. Àwòrán yẹn nìkan ni kò dé orí status, nítorí pásítọ̀ ń wo status.

Nígbà tó dalẹ́, wọ́n kọjú sí ilé oúnjẹ ọlọ́lá láàárín Lọ́ńdọ̀nù, nítorí oúnjẹ wa náà ti gorí àga. Ní ọdún 2024, Adejoké Bakare tó ń dáná ní ilé oúnjẹ Chishuru gba ìràwọ̀ Michelin. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń se irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ mọ ìṣẹ́jú tó yẹ kó dé iwájú yín; gbígbóná rẹ̀ wà lára adùn rẹ̀.

Yorùbá ní bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ là á fi bò ó jẹ. Nídìí tábìlì yìí, kò sẹ́ni tó bò ó, kò sì sẹ́ni tó jẹ ẹ́. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án o!" Wọ́n yà á lókè, wọ́n yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí ọmọ gbé ṣíbí sẹ́nu kó má tíì gbé e mì. Ọbẹ̀ dì. Nínú fíìmù Harry Potter, oúnjẹ gidi ni wọ́n kọ́kọ́ ń tò sórí tábìlì. Nígbà tó ń rùn lábẹ́ iná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike líle ṣe é. Irú rẹ̀ ló yẹ kí ìdílé yìí bù. Kì bá tutù.

Kí wọ́n tó sanwó, Màmá Àgbà ti pè láti Òṣogbo. Wọ́n ti rí gbogbo rẹ̀ lórí status.

"Ẹ kú ìgbádùn o. Oúnjẹ yẹn, ṣó dùn?"

Ọkọ wo ìyàwó, ìyàwó wo ọkọ. "Ó rẹwà gan-an, Màmá."

"Mo ti rí i pé ó rẹwà. Mo ní, ṣó dùn?"

Ẹni tó jókòó sí Òṣogbo rí gbogbo ohun tí àwọn tó lọ rí, kò sì san kọ́bọ̀ fún ìwọlé.

Ẹ má bá àwọn onífíìmù wí. Irọ́ niṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Àwa la gbé ọmọ gidi àti oúnjẹ gidi, tí a sọ wọ́n di fíìmù, tí a ò sì jẹ́wọ́.

Àwòrán kan tó fún ìrántí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi fóònù sápò, ẹ dá ọmọ lóhùn, ẹ jẹun kó tó tutù. Ojú lẹ sanwó fún; ẹ jẹ́ kó ríran.