Oògùn Orí Fífọ́

Kì í ṣe ewúrẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí mo sọ fún àna mi ní Parakou ni pé ewúrẹ́ kan ló wọlé, tó sì ti jìtá rẹ̀ ṣubú. Ewúrẹ́ pọ̀ ní Tchaourou, ìlú wa, lóòótọ́, wọ́n sì ń wọ ilé onílé bí ẹni tó ń wọ ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ewúrẹ́ kankan kò sí nítòsí. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀, èmi àti ijó Sunny Ade.

Olùkọ́ ni mí. Mẹ́tírì ni wọ́n ń pè wá níbí, bí àwọn ará Nàìjíríà ti ń pe tiwọn ní tíṣà. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, èmi náà ni mo ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, jìtá ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́, kò dún mọ́, mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Parakou láti lọ yá ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ẹ mọ ohun tí àna jẹ́ lọ́dọ̀ àwa Nàgó. Ẹni tó jẹ àna lówó ṣì lè sùn. Ẹni tó yá nǹkan àna, ojú kan ni yóò máa fi sùn. Ẹ̀gbọ́n gbé jìtá náà jáde nínú àpò dúdú, ó gbé e lé mi lápá bí ọmọ tuntun, ó ní:

"Mẹ́tírì, nígbà tí mo fún ọ ní àbúrò mi, n kò ní kí o dá a padà. Èyí, wàá dá a padà o."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Àwòkọ Les Paul ni, ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. Ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé ojúlówó rẹ̀ jáde ní 1952, ní nǹkan bí àkókò kan náà tí wọ́n bí Boni Yayi ní Tchaourou níbí, ẹni tó wá ṣe ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ láti 2006 títí di 2016. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ara wọn tan. Wọn kò tan rárá, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti gbọ́ ọ kì í gbàgbé 1952 mọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì Juju Music, èyí tí Sunny Ade gbé jáde ní 1982, ni mo fi kọ́ jìtá títa. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ mi bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ mi kì í gbádùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ti ta orin kan tán, mo fi jìtá ti ara àga, mo sì yípadà láti fi bí ọba jùjú ti ń yọ́ ẹsẹ̀ jó han ìyàwó mi. Kò bi mí léèrè o. Mo yọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo yọ́ tòsì, wáyà tó ti ara ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá bá kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Èmi kò ṣubú. Jìtá ló ṣubú, ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀, ìpàkọ́ rẹ̀ sì ba sìmẹ́ńtì. Kà!

Òru ọjọ́ náà ni mo tó kà á lórí fóònù ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìmọ̀ kò lè ṣàǹfààní mọ́. Orí Les Paul kì í dúró gbọnrangandan pẹ̀lú ọrùn rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀, dígírì 17, bí àgbàlagbà tó ń wo ọmọ tí kò kí i. Bó bá ti fẹ̀yìn balẹ̀, orí ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Igi ọ̀gànwó kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbẹ́ ọrùn àti orí náà láti inú rẹ̀. Ìlà inú igi ń bá ọrùn lọ tààrà, ṣùgbọ́n nígbà tí orí bá tẹ̀, ìlà náà kò lè bá a tẹ̀, ó ń já sí ẹ̀gbẹ́ ni. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ibi ìpàkọ́ yẹn gan-an ni wọ́n tún gbẹ́ ihò sí, kí a lè rí irin tó wà nínú ọrùn yí. Ilé iṣẹ́ náà mọ̀ pé ibẹ̀ kò lágbára: ní àárín àwọn ọdún 1960, wọ́n dín igun náà kù sí 14, nígbà tó yá wọ́n fi kókó igi kan kún ìpàkọ́ rẹ̀. Fender tó gbé Stratocaster jáde ní 1954 kò ko irú wàhálà yìí, orí tiwọn kò fà sẹ́yìn. Mo lọ mú ohun tí ọmọ mi fi ń wọn igun nínú àpò ìwé rẹ̀, kí n fi wọn ti àna mi. Kò ṣeé wọ̀n. Bí mo bá ti mí, orí ń mì, igun ń yí padà.

Kò já tán, ẹ gbọ́ o. Ọ̀dà iwájú rẹ̀ ṣì dì í mú, ó ń fì bí ọrùn adìyẹ tí wọ́n fi ọ̀bẹ tó kú dú. Ẹ̀là náà mọ́, ó gùn, ẹ̀yà méjèèjì sì bá ara wọn mu bí eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀. Ká ní mo dẹ okùn, mo fi gọ́ọ̀mù àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà sí i, mo dì í le, mo sì gbàgbé rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti parí, ibẹ̀ ì bá tiẹ̀ le ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Súpà gúlù ni mo lọ rà.

N kò sì dẹ okùn, nítorí okùn tuntun ni, mo ń ṣọ́ owó ná. Okùn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fa orí jìtá pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi kílò 45. Àpò sìmẹ́ńtì kan, ẹ bu díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ẹ so ìyókù mọ́ orí tó ti ya: ohun tí mo fẹ́ fi ìkán súpà gúlù méjì mú dúró nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, mo ka ení, èjì, títí dé ọgọ́ta, bí mo ti ń kà á fún àwọn ọmọ. Nígbà tó pé ọgọ́ta, mo fẹ́ jù ú sílẹ̀. Àtàǹpàkò mi kò gbà. Ìka ìlábẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e kò gbà. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún.

"Mẹ́tírì, ṣé àlàáfíà ni? Jìtá mi ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó wà lọ́wọ́ mi."

"Lọ́wọ́ rẹ báyìí-báyìí?"

"Lọ́wọ́ mi gan-an, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò lè fi í sílẹ̀."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní bó ti yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìyàwó mi bu omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ sínú abọ́, ó po ọṣẹ sí i. Mo rẹ ọwọ́ títí, kò tú. Ó bá wọlé lọ gbé igbá òrí rẹ̀ wá. Igi emi kún oko wa níbí, òrí kì í wọ́n wa. Ó pa á, ó rọra ń fi yọ ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí kì í ka àmì ohùn farabalẹ̀ ka eléyìí: òrí ni obìnrin náà fi gbà mí lọ́wọ́ orí. Nígbà tó yọ ìka kẹta, ó ní, "Ṣé kí n kúkú fi ìyókù pa ọ́ lágbárí, bóyá tìẹ náà á rọ̀?" Mi ò dáhùn. Mo ń wo jìtá. Orí ti tún là, òrí sì ti ṣàn wọ inú ẹ̀là náà, ó ń dán.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé gọ́ọ̀mù kì í mú ibi tí ọ̀rá bá wà. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo tún da súpà gúlù lé e.

Ní ọjọ́ kejì, mo fa okùn kìíní, ó dúró. Mo fa ìkejì, ìkẹta, mo ti ń fi ẹnu súfèé. Orí ìkẹfà la wà nígbà tí orí jìtá fò kúrò, okùn mú un yí bìrí, ó sì fọ́ mi létí. Ẹni tí orí jìtá kò bá ti gbá létí rí kò lè mọ bó ti rí lára. Mo bínú. Mo mú síkúrúù méjì, mo yí wọn wọ ìpàkọ́ rẹ̀. Èkíní kan irin inú ọrùn, ó dúró sí ìdajì, kò wọlé, kò jáde. Èkejì wọlé dáadáa, ó sì la igi. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀là kan la ní. Ó di mẹ́ta.

Mo gun zẹ́mìjàn, ọ̀kadà tiwa níbí, lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin tó ti Kútọnú lọ sí Parakou. Àgbà ọkùnrin ni, ilẹ̀kùn ló ń ṣe lọ́wọ́. Ó gba jìtá náà, ó wò ó pẹ́.

"Mẹ́tírì, kí ló ṣẹ́ eléyìí?"

"Ewúrẹ́ ni, Bàbá."

"Ta ló yí síkúrúù sí i?"

Mo dákẹ́.

"Ewúrẹ́ náà ni?"

Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ méjì sá lọ sẹ́yìn ìsọ̀, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibi tí mo dúró sí. Kí n lè bo ìtìjú mi, mo dábàá fún Bàbá pé kó kúkú gé orí náà kúrò pátá, kó gbẹ́ tuntun láti ara igi tíìkì, ó ṣe tán tíìkì kún agbègbè wa. Ó wò mí bí ọmọ tó sọ pé ẹ̀ẹ̀jì àti ẹ̀ẹ̀jì jẹ́ márùn-ún. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa lówe?" Ó tún ní tíìkì lọ́ràá nínú, pé gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ràn rẹ̀, àti pé ó dà bíi pé ọ̀rá tó wà lára jìtá yìí ti tó.

Wò ó, mo jókòó tì í ní gbogbo ọ̀sán náà, ó sì yẹ kí n sọ ohun tí mo rí. Ó yọ síkúrúù. Ó fi abẹ rọra ha súpà gúlù tó ti gbẹ, kò fọwọ́ kan igi abẹ́ rẹ̀, nítorí bí a bá ha igi, ẹ̀là méjèèjì kò ní bá ara wọn mu mọ́. Ó rán ọmọọṣẹ́ kan lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń kun èékánná, kó bá a gba díẹ̀ nínú oje tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ó fi òwú bọ̀ ọ́, ó ń nù ún, ó ń nù ún, títí òwú fi ń jáde ní funfun. Ó kọ́kọ́ dì í láìsí gọ́ọ̀mù, kó lè rí i pé ó bá ara rẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ló tó kó gọ́ọ̀mù funfun sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀lù, ó ń ṣí ẹ̀là náà, ó ń pa á dé, kó lè mu ún dé ìsàlẹ̀. Ó fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń di omi wé e kí ìdè má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, ó gé tíùbù alùpùpù gbọọrọ-gbọọrọ, ó sì fà á yí i ká bí ẹni ń di egungun tó dá.

"Di ọ̀túnla," ni ó wí. Ó fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ òun. Mo ní rárá, kí n gbé e lọ sílé, kí àwọn ọmọọṣẹ́ má bàa fọwọ́ kàn án.

Àgbẹ̀ pọ̀ ní Tchaourou, iṣu wọn sì tóbi, n kò sì rí ọ̀kan rí tó ń hú èbù lóru láti wò ó bóyá ó ti hù. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, mo tú tíùbù.

Bí mo ti dé ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá kò bi mí ní ohunkóhun. Ó kàn na ọwọ́, mo gbé e fún un, ó gbé e sórí pákó gíga tí ọwọ́ mi kò lè tó. Ó fọ gọ́ọ̀mù àná kúrò, ó tún un ṣe, ó gbẹ́ ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sí ìpàkọ́, ó sì fi igi ọ̀gànwó pẹlẹbẹ méjì há a níbẹ̀, kí wọ́n máa di ẹ̀là náà mú. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà lórí pákó. Owó tó gbà kò tó iye tí mo ti ná sórí súpà gúlù, síkúrúù àti zẹ́mìjàn. Lọ́jọ́ ìkórè, jìtá dún bí ẹni tí nǹkan kò ṣe rí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé orin ò dára lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi ló wà, kì í ṣe orí rẹ̀.

Ó yẹ kí n dá nǹkan onínǹkan padà bẹ́ẹ̀. Mo wá ronú pé ojú igi ọ̀gànwó tó hàn yẹn yóò tú mi fó. Mo fi pólíṣì bàtà dúdú kùn ún, kó sì lè dán, mo fi òrí pa á lórí.

Ní Parakou, Ẹ̀gbọ́n gba jìtá, ó fi ọwọ́ ra ìpàkọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó fín in.

"Ewúrẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, kò tíì bèèrè. "Ewúrẹ́ ló wọlé tó tì í ṣubú."

"Ewúrẹ́ tó ń fi òrí para?"

Mo wo ilẹ̀.

"Ewúrẹ́ ta ni?"

"Tiwa ni, Ẹ̀gbọ́n." A kò ní ewúrẹ́. A kò ní in rí.

"Ó dáa. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ pa á."

Bí mo ṣe lọ sọ́jà lọ ra ewúrẹ́ nìyẹn, owó rẹ̀ tó ra gbogbo kọ́ọ̀lù tó wà ní Tchaourou. Ní Sátidé, àna mi dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjì. Iyán gbóná, ọbẹ̀ kún. Ó fi ṣíbí wá inú ìkòkò títí ó fi rí ohun tó ń wá, ó gbé e sínú àwo kan, ó sì tì í síwájú mi.

"Mẹ́tírì, orí tìẹ nìyí. Rọra mú un o, kó má lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́."

Mo wo ìyàwó mi. Inú ìkòkò ló ń wò.