Ìjàpá Bàbá Onílé

Ẹ fa àpótí yẹn sún mọ́ mi. N kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, ẹ mọ̀ mí, àmọ́ bí mi ò bá rojọ́ àná yìí, ikùn mi á wú.

Ọkọ̀ Ìjàpá Bàbá Onílé ló kọ̀ tí kò fẹ́ sítáàtì lẹ́nu géètì. Ni Dádì Kẹ́mi bá sáré gbé Kámírì rẹ̀ dé, wáyà lọ́wọ́. Ẹni tó jẹ owó ilé oṣù márùn-ún, ṣé kò ní sáré?

Kò mọ̀ pé ọkọ̀ 1964 ni Ìjàpá yẹn, bátìrì fóòtì 6 ló ń gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn wà kí 1967 tó dé. Ihò mẹ́ta péré ló wà lórí bátìrì náà, fóòtì méjì-méjì. Ti fóòtì 12, bíi ti Kámírì, ihò mẹ́fà. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni ti Ìjàpá sì ń gbé. Ẹ rántí ọjọ́ tí Ìyá Bíntú jókòó síbẹ̀? Ìdérí bátìrì ti sọnù, sípíríìngì àga sì lọ kan irin orí rẹ̀, èéfín bá yọ lábẹ́ ìyá oníyàá. Ṣé mo bú ìdí ẹnikẹ́ni?

Ẹ jẹ́ n padà sí tàná. Bàbá gbàgbé iná iwájú ní títàn. Bí Dádì Kẹ́mi ṣe so wáyà mọ́ bátìrì báyìí, iná mọ́ wàà bí oòrùn ọ̀sán, pọ̀ọ́! Gílóòbù méjèèjì lọ. Bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í hó kùṣùkùṣù. Ọmọ rìwáyà òdìkejì pariwo: "Ẹ̀yin Dádì, ẹ pa Kámírì! Orí Kámírì ni kí ẹ ti yọ wáyà, ẹ má fọwọ́ kan ti abẹ́ àga!" Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì tó ń hó, tí iná bá ṣẹ́ sí i pẹ́nrẹ́n, yóò bú gbàù, ásíìdì á sì fọ́n síni lójú.

Rìwáyà gbé bátìrì jáde síta gbangba, ó tú ìdérí ihò, ó bu omi bátìrì sí i, ó yí ṣájà sí fóòtì 6. Ó ní 66 tí wọ́n kọ sára bátìrì, ká pín in sí mẹ́wàá, kí áńpíà tó ń wọlé má ju 6 tàbí 7 lọ, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá di dandan ká jọ́ǹpù, ó ní ká wá ọkọ̀ fóòtì 6 bíi ti Ìjàpá, wáyà kí ó nípọn, torí iná ìlọ́po méjì ni fóòtì 6 ń fà ṣe iṣẹ́ kan náà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Pósítíìfù sí pósítíìfù. Ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù tó kù gbẹ̀yìn, irin ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ni ká fi kàn, kó jìnnà sí bátìrì.

Láàárọ̀ yìí, Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, gbìrì, ó dáhùn. Dádì Kẹ́mi ń fọ Kámírì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ kú oríire, sà."

Bàbá yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀: "A dúpẹ́. Oṣù márùn-ún àti gílóòbù méjì."